Tíọ́rì Kì Í Ṣe Ajá Láàbù

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Òkè-Ọ̀kà nílẹ̀ Àkókó, tí òṣùpá ọlọ́jọ́ díẹ̀ yọ lápá ìwọ̀ oòrùn, ìràwọ̀ ńlá kan a máa dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn àgbà mọ orúkọ rẹ̀: Àgùàlà. Wọ́n sì mọ àṣìṣe tí ọmọ aráyé ń ṣe nípa rẹ̀. Torí pé ó ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ní ajá òṣùpá ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí, ó tóbi ju òṣùpá lọ fíìfíì, ọ̀nà tirẹ̀ ló sì ń tọ̀ yí oòrùn ká. Ojú ló tan àwọn èèyàn jẹ.

Irú ẹ̀tàn ojú yìí ni mo ń bá jà. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà ni pé, nínú ìmọ̀ fíísíìsì, láàbù ni ọ̀gá, tíọ́rì ni ajá tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Pé ẹni tí kò rí ẹ̀rọ rà ló ń jókòó ti bírò àti ìwé. Pé bí tíọ́rì ọ̀hún bá tún wá jẹ́ ti ìràwọ̀, a jẹ́ pé onítọ̀hún kò rí nǹkan ṣe ni. Mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Àkúrẹ́. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé sáyẹ́ǹsì gboyè fúnra wọn, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ti sú mi.

Èyí tó mú mi gbé kálàmù kò tíì pẹ́. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkàrẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kàwé gba oyè kejì nínú fíísíìsì, gbogbo ẹbí sì ti pé jọ láti gbọ́.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ?” Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló béèrè.

“Mo fẹ́ ṣírò bí kóró bẹ̀rílíọ̀mù ṣe ń gba púrótọ̀nù mọ́ra nínú oòrùn, sà.”

“Oòrùn wo? Oòrùn tó wà lókè yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣé oòrùn ló máa wá gbà ọ́ síṣẹ́?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tẹrí ba, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ ṣe ti omi abẹ́ ilẹ̀ bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, torí pé àwọn tó jù mí lọ ló ń sọ̀rọ̀. N kò ní dákẹ́ mọ́.

Kí n kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn, torí pé òpè kọ́ ni wọ́n. Orí àpáta ni Àkókó jókòó lé. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga tàbí bóhòólù rí ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ìwàrọ̀ mọ̀ pé èèyàn lè gbẹ́lẹ̀ títí kó má rí omi, àfi tó bá ṣe kòńgẹ́ ibi tí àpáta ti là. Onífíísíìsì tó lè fi iná mànàmáná yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, kó sì sọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́, iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń bù mu ló ń ṣe. Ta ló máa fojú di irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n tún ní owó kò sí, iná kì í dúró, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta kóró átọ́ọ̀mù lu ara wọn kò sì sí ní gbogbo Àkókó. Wọ́n ní ìmọ̀ ohun tí a fọwọ́ wọ̀n ni fíísíìsì. Iye tí a kò bá wọ̀n, ìméfò ni. Wọ́n ní òyìnbó ti ṣe é tán, kọ̀ǹpútà wọn kún yàrá bámúbámú, kí ni ọmọ Ọ̀kà fẹ́ fi kún un? Wọ́n tún ní bí a bá kọ́ ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, yóò já wa sílẹ̀ lọ sókè òkun ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹsẹ̀ ọ̀hún wò.

Ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ ṣírò rèé. Ní àárín gbùngbùn oòrùn, àwọn kóró átọ́ọ̀mù kéékèèké ń sáré kiri, wọ́n ń pàdé ara wọn. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á gba èkejì mọ́ra, àwọn méjèèjì á di kóró kan ṣoṣo, agbára tó bá ṣẹ́kù á sì bọ́ síta bí ìmọ́lẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní ìtànṣán gámà. Báyìí ni hílíọ̀mù 3 ṣe ń gba hílíọ̀mù 4 mọ́ra, tó ń di bẹ̀rílíọ̀mù 7. Báyìí ni bẹ̀rílíọ̀mù 7 ṣe ń gba púrótọ̀nù, tó ń di bórọ́nù 8. Nínú àwọn ìràwọ̀ tó dàgbà ju oòrùn wa lọ, báyìí ni kábọ́nù 12 ṣe ń gba hílíọ̀mù 4, tó ń di ọ́síjìn 16. Ọ́síjìn tí à ń mí nìyẹn.

Àmọ́ àwọn kóró yìí kì í fẹ́ súnmọ́ ara wọn. Iná kan náà ló wà lára wọn, ṣe ni wọ́n ń ti ara wọn bí ìgbà téèyàn kọ ojú kan náà mágínẹ́ẹ̀tì méjì síra. Òkè ńlá kan ló wà láàárín wọn. Gbígbóná àárín oòrùn tó mílíọ̀nù 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, síbẹ̀ agbára tí kóró ń rí nínú ooru yẹn kéré ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po sí èyí tó lè fi gun òkè náà dé orí. Báwo ló ṣe wá ń kọjá? Ní 1928, George Gamow fi hàn pé kóró lè gba inú irú òkè bẹ́ẹ̀ yọ láìgùn ún. Ní 1929, Atkinson àti Houtermans gbé ìṣirò náà lọ sínú ìràwọ̀. Bí ẹni tó wà ní Ìwàrọ̀, tí kò lágbára àtigun òkè, tó wá gba inú àpáta yọ sí Òkè-Ọ̀kà. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́ẹ̀kan láàárín àìmọye ìgbìyànjú ni. Ìṣọ̀wọ́n yẹn ló jẹ́ kí oòrùn ti máa jó láti bílíọ̀nù 4.6 ọdún wá, tí kò tíì jó tán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣọ̀wọ́n yìí sọ́kàn, torí òun ló máa tú àṣírí gbogbo àwíjàre wọn.

“Ẹ lọ wọ̀n ọ́n ní láàbù,” ni wọ́n máa ń wí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí láàbù. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà. Ní Centre for Energy Research and Development tó wà ní Obafemi Awolowo University, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi agbára mílíọ̀nù 1.7 volt ta kóró átọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n ń fi í yẹ ohun tó wà nínú erùpẹ̀ àti eruku afẹ́fẹ́ wò. Ká ní wọ́n gbé e wá sí Ìkàrẹ́ lọ́la, ṣé ó lè wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú oòrùn? Kò lè wọ̀n ọ́n. Kì í sì í ṣe torí pé Nàìjíríà ló wà. Bí agbára kóró ṣe kéré tó nínú oòrùn, ìgbámọ́ra ṣọ̀wọ́n débi pé ìtànṣán tó ń ti ojú ọ̀run rọ̀ lé wa lórí tọ̀sántòru á bo ìwọ̀nba tó bá ṣẹlẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ LUNA sí abẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì, tí òkúta tó nípọn tó 1,400 mítà bò ó lórí. Kò sí òkè kankan ní Àkókó tó ga tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ̀n bí hílíọ̀mù 3 méjì ṣe ń dà pọ̀ ní irú agbára tó wà nínú oòrùn, níbi tí agbára ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń rí i lóṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù!

Èyí tiẹ̀ sàn. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ pàá nínú jíjó oòrùn, níbi tí púrótọ̀nù méjì ti ń pàdé tí wọ́n ń di háídírójìn olóṣùwọ̀n méjì, kò tíì sí láàbù kan láyé tó wọ̀n ọ́n rí. Ó ṣọ̀wọ́n ju ohun tí ẹ̀rọ lè rí lọ. Iye tí gbogbo ayé ń lò, ìṣirò ni wọ́n fi rí i, láti ìgbà tí Bethe àti Critchfield ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1938 títí di òní olónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní iye tí a kò bá wọ̀n ìméfò ni, ṣé ìméfò ni oòrùn tí ẹ ń sá kòkó sí ní Ọ̀kà?

Kí wá ni láàbù ń ṣe sí àwọn ìgbámọ́ra yòókù? Ó ń wọ̀n wọ́n níbi tí agbára ti pọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú iye tó rí lókè yẹn sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí oòrùn wà. Kí ni ẹni náà ń fi sọ̀kalẹ̀? Tíọ́rì ni. Kò sí àtẹ̀gùn mìíràn. Láàbù tí ẹ ní ọ̀gá ni kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé inú oòrùn.

Mo fẹ́ dúró níhìn-ín díẹ̀, torí ibi tó dùn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, tí àwọn tó ń fi tíọ́rì ṣẹ̀sín kò sì tíì gbọ́ rí. Wọ́n rò pé bí agbára bá ṣe ń lọ sílẹ̀, tí láàbù ń fọ́jú, bẹ́ẹ̀ náà ni tíọ́rì ń fọ́jú. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ní 1961, Christy àti Duck ṣàlàyé pé tí agbára bá kéré, kóró tó ń bọ̀ kì í dé ara èyí tó fẹ́ gbà á kí ìgbámọ́ra tó wáyé. Òkèèrè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Ní 1963, Tombrello àti Parker fi ọ̀nà yẹn ṣírò hílíọ̀mù 3 àti hílíọ̀mù 4. Nínú bórọ́nù 8 tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sọ, púrótọ̀nù tó gbẹ̀yìn kò so mọ́lẹ̀ dáadáa. Agbára tó fi so kò tó ìdá kan nínú 50 èyí tí púrótọ̀nù sábà fi ń so mọ́ kóró. Ó kàn fẹ̀yìn ti ara ògiri ni. Torí náà, ìta gbangba ni púrótọ̀nù wà nígbà tí wọ́n gbà á mọ́ra, níbi tí gbogbo gídígbò inú kóró, tó nira láti mọ̀, kò ti nípa mọ́. Ohun tó kù níta kò ju títì tí iná ń ti iná lọ, àti ìrù ìgbì tó ń sọ ibi tí púrótọ̀nù náà lè wà, méjèèjì la sì mọ bí a ṣe ń ṣírò láìṣì. Bí a bá ti rí ẹyọ iye kan tó ń sọ bí ìrù náà ṣe nípọn tó, ìyókù di ìṣirò. Ibi tí láàbù ti ń ráre gan-an ni ẹsẹ̀ tíọ́rì ti ń mú ilẹ̀. Ǹjẹ́ ajá ń ríran níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti ń táràrà?

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn lọ, kábọ́nù, náítírójìn àti ọ́síjìn ló ń bá háídírójìn yí po títí tó fi di hílíọ̀mù. Ìgbésẹ̀ tó lọ́ra jù nínú ìyípo náà, tí gbogbo ìyókù ń dúró dè, ni ìgbà tí náítírójìn 14 bá gba púrótọ̀nù mọ́ra tó di ọ́síjìn 15. Àwọn ará Jámánì wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1987. Gbogbo ayé gba iye tó ti ibẹ̀ jáde. Ní 2001, Carmen Angulo àti Pierre Descouvemont, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù, mú èsì àwọn ará Jámánì yẹn kan náà, wọ́n tún un ṣírò pẹ̀lú tíọ́rì tó péye ju ti àtẹ̀yìnwá. Wọn kò ta kóró kankan. Wọ́n ní iye tí gbogbo ayé ń lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po méjì jù. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 2004, LUNA wọ̀n ọ́n lábẹ́ òkè wọn: ìdajì ni lóòótọ́. Ìdajì yẹn nìkan mú kí ọjọ́ orí àwọn agbo ìràwọ̀ tó pẹ́ jù lọ lójú ọ̀run fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 700 sí bílíọ̀nù kan ọdún lé sí i.

Èsì tí ẹlòmíràn wọ̀n, kọ̀ǹpútà, àti orí pípé. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sí ní Àkókó?

Ọ̀kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí pé orí bórọ́nù 8 tí wọ́n fi ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ló dá lé. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Raymond Davis gbé àgbá ràgàjì kan sínú ibi ìwakùsà wúrà ní South Dakota ní Amẹ́ríkà, ó sì rọ nǹkan bíi 380,000 lítà oògùn tí àwọn dráíkílínà fi ń fọ kóòtù kún un. Neutrino ló ń dọdẹ, ohun tíńtínní tó ń ti àárín oòrùn jáde, tó ń la ara wa kọjá láìfọwọ́ kàn wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí àgbá rẹ̀ lè mú, láti ara bórọ́nù 8 ni wọ́n ti ń wá. John Bahcall ti ṣírò iye tó yẹ kó rí. Davis rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré.

Kí ni àwọn èèyàn sọ? Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ì bá sọ náà ni wọ́n sọ. Wọ́n ní Bahcall ṣìṣe, pé kí onítíọ́rì lọ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, ọkùnrin yìí ń tún un ṣírò, ìgbámọ́ra kan lẹ́yìn òmíràn, ibi kan náà ló sì ń já sí. Ní 2001 àti 2002, ní Sudbury ní Kánádà, àwọn tó gbé 1,000 tọ́ọ̀nù omi wíwúwo sí abẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó kìlómítà méjì ka gbogbo irú neutrino tó ń bọ̀, wọn kò mọ sórí irú kan ṣoṣo tí Davis lè rí. Iye rẹ̀ pé bí Bahcall ṣe wí. Ojú ọ̀nà ni àwọn neutrino náà ti ń yí padà kúrò ní irú kan sí òmíràn, ohun tí ọ̀pọ̀ onífíísíìsì ìgbà náà kò gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀. Davis gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, àwọn onífíísíìsì méjì mìíràn, McDonald àti Kajita, gbà á ní 2015 nítorí ìyípadà yẹn. Bahcall kò gbà á. Òun lẹni tó dúró lórí iye rẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń na ìka sí i, torí ká ní ó yẹsẹ̀ ni, ta ni ì bá mọ̀ pé nǹkan kan sọnù?

N kò sọ pé tíọ́rì kì í ṣì. Ní 2016, àwọn oníṣirò ní Ítálì sọ bí háídírójìn olóṣùwọ̀n méjì ṣe ń gba púrótọ̀nù, ìgbámọ́ra tó ṣe kókó ní àwọn ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ àgbáálá ayé. Ní 2020, LUNA wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé iye wọn ga díẹ̀ jù. Iṣẹ́ tó ṣeé dá lẹ́bi ni, torí náà iṣẹ́ gidi ni. Ìméfò kì í jẹ̀bi, torí pé kò sọ nǹkan kan pàtó.

Ẹ wo ọdún 1983. Àwọn méjì ló pín ẹ̀bùn Nobel ti fíísíìsì lọ́dún náà. William Fowler ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ìdàpọ̀ àwọn kóró pẹ̀lú ẹ̀rọ ní California. Èkejì ni Subrahmanyan Chandrasekhar, ọmọ Íńdíà, tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba ní 1930, tó sì ṣírò nínú ọkọ̀ yẹn bí ìràwọ̀ tó ń kú ṣe lè wúwo mọ. Ọkọ̀ ojú omi! Kí ló wà níbẹ̀ ju bírò, ìwé àti ìgbì omi lọ? Ẹ̀bùn kan náà ni wọ́n gbà, lórí pèpéle kan náà.

Ní ti pé òyìnbó ti ṣe é tán, irọ́ gbuu ni. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì béèrè. Wọ́n ti ṣírò iye lítíọ̀mù tó yẹ kó kù láti ìgbà tí àgbáálá ayé bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ìràwọ̀ àtijọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni wọ́n ń rí, kò sì sẹ́ni tó tíì fi gbogbo ẹnu sọ ibi tí ìyókù wọlẹ̀ sí. Bí kábọ́nù ṣe ń gba hílíọ̀mù di ọ́síjìn, tó ń pinnu iye kábọ́nù tó kù fún gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, iyàn ṣì wà lórí iye rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Kọ̀ǹpútà tó kún yàrá ńkọ́? Àwọn kan ń lò ó lóòótọ́, àwọn tó fẹ́ ṣírò gbogbo púrótọ̀nù àti nútírọ̀nù inú kóró lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń wo kóró méjì bí odidi méjì tó ń fa ara wọn, tó ń wá bí ìgbì wọn ṣe rí láti inú ìlànà Schrödinger, kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ní 2003, Carlos Bertulani, ọmọ Bràsíìlì, tẹ RADCAP jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe irú ìṣirò yìí. Èsì tí àwọn láàbù káàkiri ayé ti wọ̀n wà nínú àkójọ EXFOR, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó agbára átọ́ọ̀mù ló ṣí i sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ní pálọ̀ ọjọ́ yẹn lè ṣí i. Nígbà tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, èsì ẹ̀rọ gbogbo ayé wà nínú báàgì rẹ̀. Iná a máa lọ, òtítọ́ ni. Iná tó lè gba agbára sí fóònù tí a fi ń wo bọ́ọ̀lù lè gba agbára sí kọ̀ǹpútà alágbèéká náà.

Ó wá ku ti omi abẹ́ ilẹ̀. Mo ti ní iṣẹ́ iyì ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ di òfin pé ìlú kan kò lè ní ju ìmọ̀ kan lọ? Ní Ìkàrẹ́, ṣé nítorí pé télọ̀ wúlò la ṣe ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ilé wọn pa? Ọmọ kan á wá omi, òmíràn á ṣírò oòrùn, Yunifásítì Adekunle Ajasin tó wà ní Àkùngbá, tí kò jìnnà sí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, láyè fún àwọn méjèèjì. N kò sì ní bẹ̀bẹ̀ fún tíọ́rì pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Mi ò fẹ́ gbà á là pẹ̀lú ìyẹn. Kábọ́nù tó wà nínú iṣu tí à ń jẹ, inú ìràwọ̀ ni hílíọ̀mù mẹ́ta ti dà pọ̀ di í. Ọ́síjìn tó wà nínú omi tí ẹ ń gbẹ́ àpáta wá, ìgbámọ́ra ló bí i. Ẹni tó bá gbà pé ó yẹ ká mọ ibi tí omi wà, báwo ló ṣe lè ní kò yẹ ká mọ ibi tí omi ti wá? Àwọn bàbá wa tó sọ ìràwọ̀ ní Àgùàlà, tí wọ́n sì ní kì í ṣe ajá òṣùpá, oúnjẹ wo ni wọ́n rí jẹ níbẹ̀?

Ti pé wọ́n á já wa sílẹ̀ lọ, kò ní gùn. Abdus Salam, onítíọ́rì ọmọ Pakistan, padà sí Lahore ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1951 láti máa kọ́ni ní tíọ́rì. Kò sí ẹnì kankan tó lè bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa mójú tó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó kúrò ní 1954. Ìmọ̀ rẹ̀ kọ́ ló lé e, àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀ wà lára ohun tó lé e. Ìdí nìyẹn tó fi dá ilé ìmọ̀ tíọ́rì sílẹ̀ ní Trieste ní 1964, kí àwọn onítíọ́rì láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè máa lọ síbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n sì padà sílé. Ẹ̀rín inú pálọ̀ yẹn ló ń lé ọmọ lọ sókè òkun, kì í ṣe bórọ́nù 8.

Mo ti gbọ́ tiwọn tán. Ìṣirò bí àwọn kóró kéékèèké ṣe ń gba ara wọn mọ́ra nínú ìràwọ̀, fíísíìsì ni láti orí dé àtàǹpàkò. Òun ló ń dé ibi tí láàbù kò lè dé nínú oòrùn. Láàbù tó tóbi jù lọ láyé ń dúró dè é. Ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ńláńlá díẹ̀ tí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà lè ṣe lónìí, pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀, ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni ní Bẹ́ljíọ̀mù tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní kí ọmọ wa fi í sílẹ̀ torí ẹ̀rọ, ohun tí ọmọ kò nílò ló fi ń gba ohun tí ọmọ lè ṣe lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ọmọ padà sí pálọ̀. Ẹ sọ fún un níṣojú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín pé kó lọ ṣírò bẹ̀rílíọ̀mù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbèjà iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀, àga iwájú ni èmi máa jókòó sí.